Èbúté Inú Ẹrẹ̀: Bí Gotthilf Hagen Ṣe Gbé Wilhelmshaven Kalẹ̀

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà ọdún 1869, Ọba Wilhelm Kìn-ín-ní ti Prussia, ọ̀kan nínú àwọn ìjọba tó para pọ̀ di Jámánì lẹ́yìn náà, wá sí etí Òkun Àríwá láti ṣí èbúté tuntun kan fún àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ibẹ̀ ní Wilhelmshaven, orúkọ ọba náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá láti ìgbà tí ìjọba Prussia ti tọwọ́ bọ ìwé láti ra ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó ya àwòrán èbúté yìí, tí ó sì ṣètò ìlú tí ó yí i ká, ń jẹ́ Gotthilf Hagen. Ó ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí ni mo fẹ́ tọ́ka sí nínú ìgbésí ayé rẹ̀, láti ọdún 1853 tí wọ́n ra ilẹ̀ títí dé ìgbà tí èbúté náà kojú ogun àkọ́kọ́. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń gbé ìyìn fún ọba, tàbí fún Ọmọ Ọba Adalbert tí ó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun ojú omi Prussia. N kò bá wọn jiyàn pé àwọn ni wọ́n pàṣẹ, tí wọ́n sì wá owó. Ṣùgbọ́n òṣèlú ló yan ibẹ̀, òṣèlú ò sì lè sọ ẹrẹ̀ di ilẹ̀ líle. Omi ibẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ ibi lọ ní etíkun yẹn, ilẹ̀ ibẹ̀ ló burú. Ẹni tó mọ bí omi ṣe ń rìn nìkan ló lè jàǹfààní omi náà láìjẹ́ pé ilẹ̀ borí rẹ̀. Ìyà ilẹ̀ burúkú yẹn, orí àwọn lébìrà ló já sí, a ó sì dé ibẹ̀.

Ìjọba tó ń wá etíkun

Ogun Dẹ́ńmáàkì ló la Prussia lójú. Láti ọdún 1848 ni wọ́n ti ń jà nítorí Schleswig àti Holstein, agbègbè méjì tó wà láàárín Dẹ́ńmáàkì àti ilẹ̀ Jámánì. Lórí ilẹ̀, ọmọ ogun Prussia pọ̀, wọ́n sì mọ ogun í jà. Lórí omi, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: Dẹ́ńmáàkì, orílẹ̀-èdè kékeré, kó ọkọ̀ ogun rẹ̀ dúró síwájú àwọn èbúté, ó sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọkọ̀ ọjà. Prussia ò ní ohun tí yóò fi lé wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń jókòó ní Frankfurt fọwọ́ sí owó láti kó ọkọ̀ ogun jọ fún gbogbo Jámánì. Kò pé ọdún márùn-ún tí wọ́n fi lu púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ní gbàǹjo.

Ìṣòro kejì jẹ́ ti ibi tí Prussia wà. Etíkun rẹ̀ gbogbo, ti Òkun Baltic ni. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ jáde láti ibẹ̀ bọ́ sí agbami gbọ́dọ̀ gba àwọn ọ̀nà tóóró tó wà láàárín erékùṣù Dẹ́ńmáàkì kọjá, ìyẹn ni pé ọ̀tá ló ni ẹnu ọ̀nà. Ní ẹ̀gbẹ́ Òkun Àríwá, Hanover ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú etíkun Jámánì, Hanover ò sì fẹ́ kí Prussia gbilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bremen àti Hamburg jẹ́ ìlú oníṣòwò tó dá dúró. Ẹni tó kù tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀ ni Oldenburg, ìjọba kékeré kan tí Hanover yí ká lórí ilẹ̀, tó ní etíkun díẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń pè ní Jade.

Ọjọ́ ogún oṣù Keje ọdún 1853 ni wọ́n ṣe àdéhùn náà. Prussia gba nǹkan bíi hẹ́kítà 313 lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé Heppens, ó sì san owó thaler 500,000. Ó tún ṣèlérí pé òun yóò máa fi ọkọ̀ ogun dáàbò bo òwò ojú omi Oldenburg. Wọ́n kọ́kọ́ fi àdéhùn náà pamọ́, ọdún 1854 ló di ohun tí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kọkànlá ọdún 1854 ni Ọmọ Ọba Adalbert gba ilẹ̀ náà ní orúkọ ọba.

Adalbert yìí, ọmọ àbúrò bàbá Ọba Friedrich Wilhelm Kẹrin ni, ó sì yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀. Láti ọdún 1848 ló ti ń kọ̀wé pé orílẹ̀-èdè tí kò lè jáde sí òkun ńlá kì í ṣe ọ̀gá ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gágun orí ilẹ̀ ni kò ka omi sí, òun ò sì dẹwọ́. Bí kò bá sí i, kò ní sí iṣẹ́ tí Hagen yóò ṣe níbẹ̀.

Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gba ilẹ̀, ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1855, ìjì ńlá ru òkun sókè bo etíkun yẹn. Wangerooge, erékùṣù tó wà ní ẹnu Jade, ló jìyà jù. Abúlé rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ kó ẹrù wọn lọ sí Varel lórí ilẹ̀. Òkun ti fi agbára rẹ̀ hàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu.

Ọmọ Königsberg

Königsberg ni wọ́n ti bí Hagen ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1797. Kaliningrad ni ìlú náà ń jẹ́ lónìí, Rọ́ṣíà ló sì ni ín. Ìmọ̀ ìṣirò àti ti ìràwọ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ ní yunifásítì ibẹ̀, lọ́dọ̀ Friedrich Wilhelm Bessel, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ìràwọ̀ í wọ̀n jù lọ ní ayé ìgbà náà. Bessel tún jẹ́ àna wọn, nítorí ọmọ ìdílé Hagen ló fẹ́. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá ní kí òun máa bá ìràwọ̀ lọ, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un. Ó yàn láti wá sí ìdí iṣẹ́ ilé àti ti omi, ó sì yege ìdánwò àwọn akọ́lé ìjọba ní Berlin ní ọdún 1822. Ní Prussia ìgbà yẹn, wọn kì í pín ayàwòrán-ilé àti ẹnjiníà níyà bí a ṣe ń pín wọn lónìí. Ẹni tó bá yege ìdánwò yẹn lè kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè kọ́ afárá, ó sì lè kọ́ èbúté.

Ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ Bessel ò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú. Bí o bá fẹ́ mọ nǹkan, wọ̀n ọ́n. Bí o bá wọ̀n ọ́n tán, wádìí bí àṣìṣe ṣe pọ̀ tó nínú ohun tí o wọ̀n. Ní ọdún 1837 ó tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe ń ṣírò ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ àti àṣìṣe inú ìwọ̀n. Ó ní àṣìṣe tí a ń rí kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Àwọn àṣìṣe kéékèèké tí kò lóǹkà ló kóra jọ, àwọn kan fà á sókè, àwọn kan fà á sísàlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣì ń dárúkọ rẹ̀ nítorí èyí.

Ní ọdún 1826 wọ́n fi í ṣe alábòójútó èbúté Pillau, tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà Königsberg sí òkun. Ibẹ̀ ló ti bá yanrìn àti ìgbì jìjàkadì fún ọdún mélòó kan, tó sì kọ́ bí a ṣe ń gbé ògiri dúró nínú omi tí kò gbà. Lẹ́yìn náà ni Berlin pè é, ó di ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ń yẹ gbogbo iṣẹ́ ìjọba wò. Láti ọdún 1834 ló sì ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn akọ́lé tó wà ní ìlú náà. Ìwé ńlá tó kọ lórí iṣẹ́ omi, tí apá rẹ̀ pọ̀, ni àwọn akọ́lé Prussia fi ń ṣiṣẹ́ fún ìran kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àárín gbogbo iṣẹ́ yìí ló ti ṣe ìwádìí tó mú kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé físíìsì títí dòní. Ó mú páìpù idẹ mẹ́ta tí inú wọn tóóró, tí èyí tó fẹ̀ jù nínú wọn kò tó mìlímítà mẹ́fà, ó sì ń wọn iye omi tó ń gba inú wọn kọjá. Ní ọdún 1839 ó tẹ èsì rẹ̀ jáde. Bí páìpù méjì bá gùn bákan náà, tí inú ọ̀kan fẹ̀ ní ìlọ́po méjì èkejì, omi tó máa gbà á kọjá kì í ṣe ìlọ́po méjì, kì í ṣe ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ni. Ní àsìkò kan náà, dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Poiseuille ń wádìí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú iṣan, ó sì dé ibi kan náà láìmọ̀ nípa Hagen. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń pe òfin náà. Hagen tún rí ohun tí Poiseuille ò rí: tí omi bá sáré kọjá ìwọ̀n kan, ìrìn rẹ̀ á dàrú, òfin yẹn ò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tó yá, ó da ìyẹ̀ pákó sínú omi tó ń gba inú páìpù gíláàsì, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i bí omi tó ń lọ tààrà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbiri.

Mo dúró pẹ́ lórí èyí nítorí ó ṣàlàyé irú ẹni tí Prussia rán lọ sí Jade. Àwọn akọ́lé mìíràn wà tó mọ ògiri í mọ. Ẹni tó lè jókòó ti páìpù tóóró kí ó tó sọ ohun tí omi yóò ṣe nínú odò ńlá kò pọ̀.

Ikùn ńlá, ọrùn tóóró

Yorùbá ní ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ti Hagen wá rí bákan ṣá. Baltic ló ti ń ṣiṣẹ́, òkun tó jẹ́ pé kíkún àti fífà rẹ̀ ò tó nǹkan tí ènìyàn ń fojú rí. Ní Jade, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń kún, lẹ́ẹ̀mejì ló ń fà, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì sì ju mítà mẹ́ta lọ. Ibi tí ọkọ̀ ti léfòó ní òwúrọ̀ lè di pẹ̀tẹ́pẹ̀tẹ́ ní ọ̀sán.

Jade kì í ṣe ẹnu odò ńlá bí Elbe tàbí Weser. Òkun ló gbẹ́ ẹ. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ oko àti abúlé ló wà níbi tí omi wà lónìí. Àwọn ìjì ńlá kan ya wọlé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá títí dé ìkẹrìndínlógún, wọ́n fọ́ òkìtì tí àwọn ènìyàn mọ láti dá omi dúró, wọ́n sì gbé ilẹ̀ náà lọ. Ohun tó ṣẹ́kù ni omi fífẹ̀ kan tí ọ̀nà tó so ó mọ́ òkun tóóró. Nígbà tí òkun bá kún, omi púpọ̀ á gba ọrùn tóóró yẹn wọlé. Nígbà tó bá fà, omi náà gbogbo á tún gba ibẹ̀ jáde pẹ̀lú ipá, á sì máa gbá ẹrẹ̀ àti yanrìn lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni ọrùn yẹn ń fọ ara rẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó ń sanwó fún un. Ìdí nìyí tí ọ̀nà ọkọ̀ ibẹ̀ fi jìn. Weser tó wà nítòsí ń kó yanrìn wá láti òkè, àwọn ará Bremen sì ti jìyà rẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Èbúté tí Hagen yà wà létí ọrùn yẹn gan-an, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn. Ní ọdún 1856 ni ọba fọwọ́ sí àwòrán náà. Ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ láti òkun á kọ́kọ́ gba àárín ògiri méjì tó nawọ́ jáde sínú omi. Lẹ́yìn náà ló máa dé ilẹ̀kùn omi. Ìwúlò ilẹ̀kùn yìí ni pé tí òkun bá fà, wọ́n á tì í, omi inú á sì dúró ní gíga tó wà, kí àwọn ọkọ̀ má baà jókòó sórí ẹrẹ̀. Láti ilẹ̀kùn, ọ̀nà omi kan tí wọ́n gbẹ́ á gbé ọkọ̀ lọ sí adágún inú lọ́hùn-ún, níbi tí ọgbà ìkànkọ̀ wà. Kòtò mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí wọ́n lè fa omi inú wọn gbẹ láti tún abẹ́ ọkọ̀ ṣe, àti ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ti lè kan ọkọ̀ tuntun kí wọ́n tì í sómi. Ní ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, ó ya òpópónà tó gún régé fún ìlú tí kò tíì sí ẹnì kan tó ń gbé inú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Hagen wà ní Berlin. Ẹni tó dúró sójú iṣẹ́ tó ń darí kíkọ́ rẹ̀ ni Heinrich Wilhelm Goeker, akọ́lé ìjọba bí i tirẹ̀, tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà fún kíkọ́ èbúté náà. Òpópónà kan wà ní Wilhelmshaven tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Mo rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwòrán dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jí lójoojúmọ́ láti rí i pé ẹrẹ̀ ti ya wọnú ibi tí wọ́n gbẹ́ lánàá, ó ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹrẹ̀, iyọ̀ àti ibà

Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ amọ̀ rírọ̀ tí òkun kó wá fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Bí o bá gbẹ́ ẹ, ẹ̀gbẹ́ kòtò á máa yọ́ wọlé. Bí o bá gbé ògiri lé e, ògiri á rì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbá òpó igi wọlẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, kí wọ́n tó lè mọ bíríkì lé wọn lórí. Ẹnu ọ̀nà òkun ló le jù. Láti kọ́ ògiri níbi tí omi wà, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká nínú omi: òpó ìlà méjì, amọ̀ tí wọ́n kì sí àárín wọn. Wọ́n á wá fi ẹ̀rọ onísítíìmù fa omi inú rẹ̀ jáde, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ibi tí òkun wà. Ìjì kan ṣoṣo tó bá já ọgbà yẹn lè ba iṣẹ́ oṣù púpọ̀ jẹ́ ní òru kan.

Gbígbẹ́ ilẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló pọ̀ jù níbẹ̀: ṣọ́bìrì, bárò, pákó tí wọ́n tẹ́ sórí ẹrẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà rì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lébìrà ló wá láti apá ibi gbogbo ní Jámánì, inú àgọ́ onípákó ni púpọ̀ nínú wọn sì ń sùn. Òkúta, igi, bíríkì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní láti fi ọkọ̀ ojú omi tàbí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó wá, nítorí ọ̀nà rélùwéè tó so ibẹ̀ mọ́ ìlú Oldenburg, ọdún 1867 ni wọ́n ṣí i. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni Prussia ṣẹ́gun Hanover tó sì gba gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni pé fún ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi kọ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tó tóbi jù ní Jámánì láìsí ọkọ̀ ojú irin. Ibi tí òṣèlú yàn ló fà á.

Omi yí wọn ká, omi mímu ò sí. Kànga tí wọ́n bá gbẹ́, omi iyọ̀ ló ń sun. Omi òjò tí wọ́n gbè ni wọ́n ń mu, òjò a sì máa dá. Ìgbà tí wọ́n gbẹ́ kànga tó jìn gan-an ni ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í tù wọ́n.

Ibà ló wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ibà jẹ́ àìsàn ilẹ̀ gbígbóná nìkan, pé òyìnbó ò mọ̀ ọ́n àfi tó bá wá sí ilẹ̀ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibà wà ní àbàtà etí Òkun Àríwá láti ayébáyé, ó sì wà níbẹ̀ títí wọ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Ẹ̀fọn kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn láti yé ẹyin sínú omi tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, irú omi tó máa ń dúró sínú kòtò lẹ́bàá òkun. Wàyí o, kí ni èbúté tí wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́ bí kì í bá ṣe kòtò olómi iyọ̀ lórí kòtò olómi iyọ̀? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ìgbà ooru bá ń parí lọ, àwọn òṣìṣẹ́ á máa wó lulẹ̀. Irú ibà tibẹ̀ kì í sábà pani bí èyí tó wà lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó máa ń fara pamọ́ sínú ara, á tún padà wá lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Ẹni tó ti san á tún máa gbọ̀n. Kuníìnì ni wọ́n fi ń tọ́jú wọn.

Dókítà kan kọ ìwádìí lórí ibà tó ṣe àwọn òṣìṣẹ́ Jade láti ọdún 1858 dé 1869. Ó kíyè sí bí gbígbẹ́ ilẹ̀, ooru àti òjò ṣe ń mú un pọ̀ sí i tàbí dín in kù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń fà á. Wọ́n gbà pé èémí búburú tó ń jáde láti inú àbàtà ni. Ọdún 1880 ni Alphonse Laveran, dókítà ológun Faransé, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ní Algeria. Ọdún 1897 ni Ronald Ross rí i nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Hagen tó mọ ìrìn omi débi pé ó lè ṣírò rẹ̀ nínú páìpù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóóró bí koríko, kò lè mọ̀ pé omi tó dúró, tí kò rìn rárá, ló ń pa àwọn tó ń kọ́ àwòrán òun. Èmi ò dá a lẹ́bi fún ohun tí ayé ò mọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé orúkọ ọba wà lára ìlú, orúkọ akọ́lé wà lára òpópónà, àwọn tí ibà dè mọ́lẹ̀ nínú àgọ́ onípákó sì jẹ́ òǹkà lásán nínú ìwé dókítà.

Ọjọ́ ṣíṣí àti ọdún tó tẹ̀ lé e

Ọjọ́ tí ọba wá yẹn, wọ́n tún fi ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ ogun lélẹ̀. Friedrich August Stüler ló ti ya àwòrán rẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 1865, ṣọ́ọ̀ṣì náà sì wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Èbúté fúnra rẹ̀ ò tíì parí. Ayẹyẹ ló ṣáájú iṣẹ́.

Oṣù mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, ní oṣù Keje ọdún 1870, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Prussia àti Faransé. Àwọn ọkọ̀ onírin mẹ́ta tó lágbára jù tí Prussia ní, König Wilhelm, Friedrich Carl àti Kronprinz, dúró sí Jade. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kan méjì nínú wọn, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kan ìkẹta, nítorí Prussia ò tíì ní ibi tó ti lè kan irú wọn. Ọkọ̀ ogun Faransé pọ̀ ju tiwọn lọ dáadáa. Wọ́n wá, wọ́n dí ọ̀nà òkun, ṣùgbọ́n wọn ò kọlu Jade. Bí ogun orí ilẹ̀ ṣe ń yí padà fún Faransé ni agbára wọn lórí omi náà ń rọ. Ibi tí Hagen yà náà gba àwọn ọkọ̀ mẹ́ta yẹn là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀.

Lẹ́yìn ogun ni wọ́n wá parí àwọn kòtò àtúnṣe, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ tiwọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1875 wọ́n ti Grosser Kurfürst, ọkọ̀ ogun onírin ńlá, sínú omi láti ibẹ̀. Òun ló rì ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1878 lẹ́bàá Folkestone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí König Wilhelm kọlù ú. Èyí tó ju 250 lọ nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló bómi lọ.

Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ tí Hagen yà kò pẹ́ kó tó kéré jù. Àwọn ọkọ̀ ń tóbi sí i kíákíá ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò ní ọdún 1856, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ogun ṣì jẹ́ onígi. Ní 1886 wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà kejì, ní 1909 wọ́n ṣí ìkẹta. Àwọn kan fi èyí sọ pé Hagen ò ríran jìnnà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣeé fẹ̀. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni láti wá omi jíjìn síbi tí omi jíjìn ò sí.

Omi yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ padà dá lé. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ etíkun yẹn ti ń mọ òkìtì sínú ẹrẹ̀ láti gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ òkun. Ilẹ̀ tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀ lọ́ràá púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo hẹ́kítà tí wọ́n bá gbà nínú ikùn Jade, omi tó máa gba ọrùn kọjá dín kù nìyẹn, ọrùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún ẹrẹ̀. Ní ọdún 1883, ìjọba Jámánì ṣe òfin fún àwọn èbúté ogun rẹ̀, òfin náà sì fòpin sí gbígba ilẹ̀ nínú Jade. Ó nira fún àwọn àgbẹ̀, nítorí ohun tí bàbá àti bàbá bàbá wọn ń ṣe ni wọ́n ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Hagen ti fẹ̀yìn tì nígbà náà láti ọdún 1875. Ó kú ní Berlin ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1884, ó ku oṣù kan géérégé kí ó pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, Jámánì ṣí èbúté tuntun kan fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó tóbi jù láyé, òun nìkan ni èbúté wọn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wọ̀ nígbàkígbà láìdúró de kíkún òkun. Wilhelmshaven ni wọ́n kọ́ ọ sí, létí ọ̀nà omi Jade.